Oríkì Kì í Ṣe Ìyìn

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ bá mi dá ẹjọ́ kan. Ọmọkùnrin mi, tí ó wà ní JSS 2 ní ilé-ìwé kan ní agbègbè Ìbà, gbé iṣẹ́ àṣetiléwá wálé lọ́jọ́ kan. Ìbéèrè kẹta inú rẹ̀ ni: "Kọ oríkì ọ̀rọ̀-ìṣe." Èmi jókòó sórí àga, mò ń ka ìwé ìròyìn, n kò tilẹ̀ wo ibi tó wà. Ọmọ náà ki bírò bọnu, ó ronú títí, ó kọ ọ́, ó sì lọ sùn. Nígbà tí yóò fi di ọ̀sán ọjọ́ kejì, ó fi omijé wọlé. Olùkọ́ ti fi bírò pupa fa ìlà dábùú ohun tó kọ, ó fún un ní òdo, ó sì kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé: "Ṣé eré lo rò pé à ń ṣe ni?"

Mo gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí ọmọ mi kọ nìyí:

Ọ̀rọ̀-ìṣe, Àkànní, ọmọ aṣiṣẹ́-má-rojọ́,
Ọmọ a-gbé-gbólóhùn-ró,
Bí o kò bá sí nílé, ta ni yóò lọ, ta ni yóò bọ̀?

Ẹ̀rín pa mí. Ìyàwó mi ní, "Bàbá Dàpọ̀, ọmọ gba òdo, ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín!" Ni mo bá panu mọ́.

Ta ló jẹ̀bi? Ọmọ mi kò jẹ̀bi. Ìyá mi ló tọ́ ọ, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, òun ló sì máa ń kì í láràárọ̀ kí ó tó jẹ́ kó bọ́jú. Ohun tí ọmọ mọ̀ sí oríkì nìyẹn. Olùkọ́ náà kò jẹ̀bi. Ohun tó wà nínú ìwé ló ń kọ́ wọn, inú ìwé náà ni wọ́n sì ti ń pe àlàyé ohun tí nǹkan jẹ́ ní oríkì: oríkì ọ̀rọ̀-orúkọ, oríkì gbólóhùn, oríkì fóníìmù. Bí ẹnìkan bá jẹ̀bi, èmi ni. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń fi ọ̀rọ̀ kíkọ jẹun nínú ìwé ìròyìn, n kò sì bi ara mi léèrè rí pé kí ló kó oríkì dé inú gírámà.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wádìí ọ̀rọ̀ yìí. Ibi tí mo bá a dé ni mo fẹ́ sọ fún yín, torí ohun tí mo rí níbẹ̀ kò bá ohun tí gbogbo wa ń sọ kiri mu.

Ọ̀rọ̀ kan, ọ̀gá púpọ̀

Bí ẹ bá wọ danfo ní Okokomaiko, tí ẹ forí lé ọ̀nà Mile 2, ẹ la etí yín sílẹ̀. Kọ̀ńdọ́ ń pariwo "Ìyànà Ìbà! Volks!" bí ẹni pé wọ́n ń lé e. (Láti 1975 tí ilé-iṣẹ́ Volkswagen ti bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò níbẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹ́ Volks. Àwọn Jámánì ti lọ tipẹ́, orúkọ kò bá wọn lọ.) Nígbà tó bá kan ṣéńjì, kọ̀ńdọ́ kan náà á dẹ ohùn rẹ̀: "Ọ̀gá mi, olówó ayé, baba ńlá!" Mo gbọ́ tí èrò kan dá a lóhùn pé: "Má kì mí. Fún mi ní ṣéńjì mi." Ìyẹn ni oríkì ti inú danfo: ọ̀rọ̀ dídùn tí wọ́n fi ń gba owó ọlọ́wọ̀.

Ẹ dé iwájú Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, LASU, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1983. Akẹ́kọ̀ọ́ kan wọlé pẹ̀lú ìwé ẹ̀dá-èdè lọ́wọ́. Lọ́dọ̀ tirẹ̀, oríkì ni gbólóhùn kan tó sọ bí nǹkan ṣe jẹ́, tó sì yà á sọ́tọ̀ kúrò lára nǹkan mìíràn. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń kọ́ ìtàn jókòó tì í. Lọ́dọ̀ ìyẹn, oríkì ni ẹ̀rí nípa ayé àtijọ́. Ẹni tó ń kọ́ lítíréṣọ̀ á sọ pé ewì alohùn ni. Ẹ dé Alaba, ẹ̀rọ ń lu fújì, olórin ń to orúkọ àwọn olówó lẹ́sẹẹsẹ, wọ́n ní ó ń ki àwọn èèyàn. Ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lókè ilé ń fi gbohùngbohùn sọ oríkì Olúwa. Olórìṣà ń ki òrìṣà rẹ̀ láì lo ẹ̀rọ kankan. Ọ̀rọ̀ náà tilẹ̀ ti sọdá òkun: Antonio Risério, ọmọ ilẹ̀ Brazil, fi í ṣe orúkọ ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1996, Oriki Orixá.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni gbogbo èèyàn wọ̀nyí ń pè, kálukú sì rò pé ti òun ni. Ṣé ọ̀rọ̀ tó pọ̀ báyìí, tó fara jọra lórúkọ lásán ni? Àbí ìdí kan ni gbogbo wọn ti hù?

Ẹ jẹ́ ká tú u wò

Ẹni tó bá fẹ́ tú ọ̀rọ̀ Yorùbá palẹ̀, kó ṣọ́ra. Ilẹ̀ Àwórì ni a ń gbé níbí. Ìlú Àwórì ni Ọ̀jọ́ àti Ìbà, kí Okokomaiko tó di ibi tí onírúurú ẹ̀yà ti ń wá gba yàrá. Ìtàn tí àwọn àgbà Àwórì ń sọ ni pé Ọlọ́fin àti àwọn èèyàn rẹ̀ tẹ̀lé àwo kan tó ń léfòó lórí odò, pé nígbà tí wọ́n dé agbègbè Ìṣẹ̀rì, àwo rì, ibẹ̀ sì ni orúkọ náà ti jáde. Ìtàn dídùn ni, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ pe méjèèjì sókè kí ẹ gbọ́: àwo rì, Àwórì. Ohùn wọn kò dọ́gba. Èyí kò sọ ìtàn di irọ́ o. Ohun tó ń kọ́ wa ni pé etí ni kí á fi yẹ ọ̀rọ̀ wò kí á tó fi ẹnu là á sí méjì.

Ẹ jẹ́ kí á fi etí yẹ oríkì wò. Kí, pẹ̀lú ohùn òkè, ni a fi ń kí ara wa káàárọ̀. Ki, pẹ̀lú ohùn àárín, ni ọbẹ̀ tí omi rẹ̀ kò pọ̀. Kì, pẹ̀lú ohùn ìsàlẹ̀, ni tiwa yìí: ó kì mí, wọ́n kì í. (Bí orúkọ bá tẹ̀lé e, ohùn rẹ̀ á gòkè sí àárín, a ó ní wọ́n ki ọba. Ìwà àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe olóhùn ìsàlẹ̀ nìyẹn.) Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń sọ pé oríkì ni kí á kí orí. Ohùn kò gbà bẹ́ẹ̀. Ìkíni wà lọ́tọ̀, oríkì wà lọ́tọ̀. Bí ẹ bá kí mi, ọgọ́rùn-ún èèyàn ni ẹ lè kí bẹ́ẹ̀ lójúmọ́. Bí ẹ bá kì mí, èmi nìkan ni.

Kì kan tún wà tí ohùn rẹ̀ bá èyí dọ́gba. Òun ni ọdẹ ń lò nígbà tó bá ń ki ẹ̀tù bọ ìbọn, òun náà ni ọmọ mi lò nígbà tó ki bírò bọnu. N kò ní ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti rí ibi tí wọ́n ti ń ki èèyàn rí, tí orí onítọ̀hún ń wú, tí àyà rẹ̀ ń kún, á mọ̀ pé ìbejì ni wọ́n fi jọ.

Ó wá ku orí. Orí tó wà nínú oríkì kì í ṣe agbárí tí a ń gbé fìlà lé. Nígbà tí a bá ní "lórí ọ̀rọ̀ yìí", a ò fi agbárí ṣe nǹkan kan níbẹ̀. Orí ni ọ̀gangan ibi tí nǹkan wà, òun ni ibi tí nǹkan ti ṣẹ̀ wá: ẹ gbọ́ orírun. Orí sì tún ni ẹni tí èèyàn jẹ́ gan-an, ìpín tí a yàn wá. Ẹ gbé oríkì sí ẹ̀gbẹ́ ojúbọ àti ojúṣe. Ojúbọ ni ojú tí a ń bọ, ojúṣe ni ojú tí a ní láti ṣe. Bí wọ́n ṣe ṣẹ̀dá àwọn yẹn ni mo rò pé wọ́n ṣe ṣẹ̀dá oríkì: orí tí a ń kì. Ìdí nǹkan, tí a fi ọ̀rọ̀ kàn lára.

Ẹ wò ó dáadáa, ẹ ò rí ìyìn níbẹ̀. Kò sí "yìn" nínú oríkì rárá.

Ibo wá ni ìyìn ti wọlé?

Sámúẹ́lì Johnson, tó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, tó kú ní 1901, tí àbúrò rẹ̀ Ọbadáyà sì bá a tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921, ka oríkì mọ́ orúkọ. Ó to orúkọ àmútọ̀runwá, ó to àbísọ, ó sì to oríkì: Àjàní, Àkànní, Àlàbí fún ọkùnrin, Àdùkẹ́, Àṣàkẹ́, Àmọ̀kẹ́ fún obìnrin. Àlàyé rẹ̀ ni pé oríkì ń sọ ohun tí ọmọ jẹ́, tàbí ohun tí a ń retí pé yóò jẹ́. Ó ní ti ọkùnrin máa ń sọ nípa akin, ti obìnrin a máa sọ nípa ìkẹ́ tàbí ìyìn. Ẹ ṣàkíyèsí pé "ohun tí ọmọ jẹ́" ló kọ́kọ́ jáde. Ìyìn wá lẹ́yìn, bí àlejò.

Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ọ̀mọ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ̀wé nípa ewì wa, wọ́n nílò ọ̀rọ̀ kan tí ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá lè tètè yé. Wọ́n bá pe oríkì ní ewì ìyìn. N kò bá wọn jà. Ẹni tó bá ń ru ẹrù sọdá odò, ohun tí apá rẹ̀ ká ni yóò gbé. Ọ̀ràn tó wà níbẹ̀ ni pé ìtumọ̀ náà padà wálé, a gbà á gbọ́, a sì jẹ́ kí ó máa tọ́ ọ̀rọ̀ wa sọ́nà.

Ẹ yẹ iṣẹ́ àwọn tó kó oríkì jọ wò. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébóyè Babalọlá tẹ ìwé lórí ìjálá ní 1966, ó sì tẹ Àwọn Oríkì Orílẹ̀ jáde ní 1967. Nínú ìjálá, ọdẹ ń ki ẹranko tó fẹ́ pa. Kí ló fẹ́ fi ìyìn gbà lọ́wọ́ ọ̀bọ? Ó kàn ń sọ ọ̀bọ bí ọ̀bọ ṣe rí ni, bí ojú rẹ̀ ṣe rì, bí ó ṣe ń fò, bí ó ṣe ń jalè nínú oko àgbàdo, títí tí ẹni tó ń gbọ́ ọ fi máa rí ọ̀bọ níwájú ara rẹ̀. Ẹ lọ gbọ́ oríkì Èṣù, ẹ wá sọ fún mi bóyá ìyìn ni kí á máa sọ fún ẹni pé ó ń dá wàhálà sílẹ̀ níbi tí kò sí wàhálà. Ẹ gbọ́ ti Ṣàngó, ìbẹ̀rù ló kún inú rẹ̀. Oríkì orílẹ̀ mìíràn ń sọ ìtìjú ìdílé láàárín agbo, ọmọ ìdílé náà á sì máa mi orí, á máa náwó.

Àwọn òpìtàn rí i pé nǹkan wà níbẹ̀. Ní 1974, Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́láńlé Awẹ́ kọ ọ́ pé òpìtàn lè fi oríkì ṣe ẹ̀rí. Ní 1991, Karin Barber, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó ti gbé ní Òkukù, tó gbọ́ èdè wa dénú, tẹ ìwé ńlá kan jáde lórí oríkì àti àwọn obìnrin tó ń sun ún ní ìlú náà. Ó fi hàn pé oríkì kì í to ìtàn tẹ̀léra bí ẹni to ìlẹ̀kẹ̀. Gbólóhùn kan lè ti ayé baba ńlá wá, èyí tó tẹ̀lé e lè jẹ́ ti ọjọ́ àná, ìtàn tó sì tú u lè wà lẹ́nu ẹlòmíràn tí kò sí níbẹ̀. Ìwé tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń gbé máíkì lóde òkú kà ni.

Ọjọ́ tí a sin ìyá mi

Mo ti dé ibi tó ń dùn mí. Nígbà tí ìyá mi kú, òde ìnáwó rẹ̀ wáyé ní Okokomaiko, ní ojúlé tó ti gbé fún ọgbọ̀n ọdún. Ọmọ Ọ̀fà ni. Ẹ̀kọ ló ń tà ní Ìyànà Ìbà, ẹ̀kọ náà ló sì fi rán èmi lọ sí ilé-ìwé girama. A háyà ọ̀gbẹ́ni onímáíkì kan tí wọ́n ní ó mọ oríkì í ki. Kí ó tó bẹ̀rẹ̀, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan: "Brọ̀dá, ẹ fún mi ní póìǹtì."

Mo fún un. Ọ̀rọ̀ kíkọ ni iṣẹ́ mi, mo kọ ọ́ sínú pépà fún un: ọdún tí wọ́n bí i, iye ọmọ, iye ọmọ-ọmọ, ìjọ tó ń lọ, oyè tó jẹ níbẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni náà gbé máíkì. Ó sọ ìyá mi di àdúmáadán, olówó, ìyá adúláwọ̀ tó ń ṣe bí òyìnbó, ìyá tí kò bínú rí láyé rẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tó bá dárúkọ ẹnìkan, onítọ̀hún á dìde, á ná an lówó. Mo jókòó síbẹ̀, mò ń wò. Ó ṣe mí bí ẹni pé òkú ẹlòmíràn ni mo wá bá wọn sin. Ìyá tí kò bínú rí! Ta ni ìyẹn?

Ìgbà yẹn ni àbúrò ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Ọ̀fà, dìde. Kò gba máíkì. Ó kàn kọjú sí ibi tí a gbé àwòrán ìyá mi sí, ó ní, "Àṣàkẹ́!" Ó dákẹ́ díẹ̀, bí ẹni ń dúró kí ó dáhùn. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀.

N kò ní lè kọ gbogbo rẹ̀ síbí, ẹ̀mí mi kò gbé e. Ó mú un láti Ọ̀fà, láti ìdí ìjàkadì tí a kò lè yọ kúrò lára oríkì àwọn ọmọ Ọlọ́fà. Láti ibẹ̀ ló ti ki Àṣàkẹ́ fúnra rẹ̀: kúkúrú tí ń bá gíga jà, Àṣàkẹ́ tí kì í gbàgbé gbèsè, bó jẹ́ kọ́bọ̀. Ó ki ọjọ́ tí ìyá mi di òṣìṣẹ́ tó wá kó igbá ẹ̀kọ rẹ̀ ní gbàgede mú, tí ó fi ẹsẹ̀ kọ́ ọ, tí ọkùnrin náà fi ẹ̀yìn lélẹ̀ láàárín ọjà. Gbogbo òde bú sẹ́rìn-ín. Ó sì kì í dé ọdún mẹ́ta tí kò fi bá òun, àbúrò rẹ̀, sọ̀rọ̀, nítorí ìró kan ṣoṣo. Ibẹ̀ ni ohùn Màmá Ọ̀fà ti já.

Ibẹ̀ náà ni èmi ti tó sunkún ìyá mi. Láti ọjọ́ tó ti kú, n kò tíì sunkún.

Àwọn ẹ̀gbọ́n kan bínú. Wọ́n ní kí ló dé tó fi ń tú àṣírí òkú láwùjọ, pé ṣé kò rí ohun tó dára sọ ni? Ọ̀gbẹ́ni onímáíkì pàápàá ní, "Màmá, ẹ ṣé, ṣùgbọ́n oríkì kọ́ nìyẹn." Ìyá àgbà náà wò ó láti òkè délẹ̀. Ó ní, "Èyí tí ìwọ kì, bí mo bá gbé e lọ sí ilé kejì, kò ní bá òkú wọn mu?"

Mo ti ń ro gbólóhùn yẹn láti ìgbà náà. Ìyìn tí ọ̀gbẹ́ni yẹn yin ìyá mi, ìyá ẹnikẹ́ni ló lè jẹ́. Ohun tí Màmá Ọ̀fà kì, ìyá mi nìkan ló lè jẹ́.

Àwọn onígírámà

Ẹ jẹ́ kí á padà sí ọ̀dọ̀ àwọn onígírámà tí mo fi ṣẹ̀fẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè àti lítíréṣọ̀, wọ́n rí i pé ọ̀rọ̀ kò tó. Wọ́n jókòó, wọ́n ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀. Ní 1984, wọ́n tẹ àkójọ rẹ̀ jáde, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ló ṣe olóòtú rẹ̀, wọ́n sì pe irú èdè bẹ́ẹ̀ ní èdè-ìperí. Ẹ tún gbọ́ orí níbẹ̀: pe orí, perí. Orí nǹkan ni wọ́n fẹ́ pè.

Àwọn kan ti bá mi jiyàn pé ìtumọ̀ ni ó yẹ kí wọ́n máa lò fún ohun tí à ń wí yìí, kí wọ́n fi oríkì sílẹ̀ fún àwọn asunrárà. N kò gbà. Ìtumọ̀ ń sọ ohun tí ọ̀rọ̀ ń wí. Oríkì ń sọ ohun tí nǹkan jẹ́. Kí ni òfin oríkì nínú gírámà? Kí ó bá nǹkan náà mu, kí ó má bá òmíràn mu. Bí oríkì ọ̀rọ̀-ìṣe bá bá ọ̀rọ̀-orúkọ mu, a jẹ́ pé oríkì náà kò dára. Ṣé ẹ ò rí i? Òfin Màmá Ọ̀fà gan-an nìyẹn. Ohun tó bi onímáíkì ní Okokomaiko ni ohun tí olùkọ́ ẹ̀dá-èdè ń bi akẹ́kọ̀ọ́ ní LASU: ṣé kò ní bá ti ilé kejì mu?

Èyí ló fi jẹ́ pé nínú gbogbo àwọn tó pín ọ̀rọ̀ yìí mọ́wọ́, àwọn onígírámà tí a rò pé wọ́n jìnnà jù ni wọ́n sún mọ́ ìdí rẹ̀ jù. Àwa tó wà lóde ìnáwó, tí a rò pé a ń tọ́jú àṣà, àwa ni a sọ ọ́ nù.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín. Mo ṣí ìwé ọmọ mi wò, kí n lè rí ìdáhùn tí olùkọ́ ń fẹ́. Ohun tí ó kọ sójú pátákó fún wọn, tí ọ̀pọ̀ ìwé gírámà Yorùbá sì ń wí, ni pé ọ̀rọ̀-ìṣe ni òpómúléró gbólóhùn. Òpómúléró! Òpó tó mú ilé ró. Orúkọ orílẹ̀ kan ni, oríkì àwọn ọmọ rẹ̀ kò ṣàjèjì sí ẹni tó bá ti gbọ́ oríkì orílẹ̀ rí. Inú oríkì ni àwọn onígírámà ti lọ yá àlàyé ọ̀rọ̀-ìṣe. Kí sì ni ọmọ mi kọ? A-gbé-gbólóhùn-ró. Ohun kan náà! Ọ̀kan gba òdo, ọ̀kan wà lójú pátákó.

Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ló wà láàárín wọn, ìyàtọ̀ náà kò sì kéré. Olùkọ́ kọjú sí kíláàsì, ó ń sọ̀rọ̀ nípa ọ̀rọ̀-ìṣe. Ọmọ mi kọjú sí ọ̀rọ̀-ìṣe, ó ń bá a sọ̀rọ̀: bí o kò bá sí nílé. Oríkì ìwé ń sọ fún ẹlòmíràn ohun tí o jẹ́. Oríkì ẹnu ń sọ ọ́ fún ìwọ fúnra rẹ, kí o lè dìde, kí o jẹ́ ẹ. Ìdí nìyẹn tí Màmá Ọ̀fà fi kọ́kọ́ pe orúkọ, tó sì dúró. Bí a bá yọ èyí kúrò nínú oríkì, ó ku àlàyé. Bí a bá yọ òótọ́ kúrò nínú rẹ̀, ó ku ẹ̀bẹ̀ owó.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún

Ní oṣù kejì ọdún 2018, Gómìnà Akinwunmi Ambode fọwọ́ sí òfin tó ní kí wọ́n máa kọ́ èdè Yorùbá ní gbogbo ilé-ìwé ìpínlẹ̀ Èkó, ti ìjọba àti ti aládàáni, kí àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga ìpínlẹ̀ náà sì fi í kún ẹ̀kọ́ wọn. Òfin dára. Ṣùgbọ́n òfin kò lè sọ fún ọmọ pé oríkì tó wà nínú ìwé àti oríkì tí ìyá rẹ̀ àgbà ń kì í, ìyá kan náà ló bí wọn. Olùkọ́ ló lè sọ ọ́. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni yóò gbà á. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ dákun, kí ẹ tó fa ìlà pupa, ẹ béèrè ohun tí ọmọ gbọ́ nílé.

Ẹ̀yin onímáíkì, iṣẹ́ yín ni, ẹ máa jẹun níbẹ̀. Ẹ yìn wá, a ó ná yín lówó. Ṣùgbọ́n ẹ pè é ní ìyìn.

Èmi náà ní ẹjọ́ tèmi láti jẹ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, mo pe ọmọkùnrin mi, mo ní kí ó jókòó, mo fẹ́ kì í bí ìyá mi ṣe máa ń ṣe. Mo ki gbólóhùn mẹ́ta. Ìkẹrin kò wá. Ọmọ náà ń wò mí, ó ń dúró. Èmi tí mo fẹ́ fi oríkì kọ ìwé ìròyìn!

Mo tẹ Màmá Ọ̀fà láago. Ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, etí rẹ̀ ti ń di, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sọ ohun tí mo ń fẹ́ kí ó tó gbọ́. Ó ní, "Àjàní, bírò wà lọ́wọ́ rẹ?"

Mo ní, "Ó wà lọ́wọ́ mi, mà."

Ó ní, "Gbé e sílẹ̀. Fi ẹnu gbà á. Ọmọ náà ńkọ́, ṣé ó wà níbẹ̀?"